Ìtàn Ìgbésí Ayé Alfred Büchi, Ẹni tí Ó Sọ Èéfín Di Agbára

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí wá agbára kiri ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ ni ó fi wá a. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi wà láàárín wa títí di òní, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ti di ará ọ̀run láti ọjọ́ pípẹ́.

Bí ènìyàn bá dúró ní etí ọ̀sà ní Mákòkó, ní apá Yàbá ní ìlú Èkó, yóò rí oríṣiríṣi agbára tí ń gbé ọmọ aráyé rìn. Lórí omi, àwọn ará Ègùn àti àwọn Ìlàjẹ ń tukọ̀ kiri. Àwọn kan ń fi àjẹ̀ tàbí ọ̀pá tu tiwọn, àwọn mìíràn sì ti so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀. Lókè, lórí afárá gígùn tí a parí ní ọdún 1990, ni bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń sáré kọjá láìdúró. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, pàápàá àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tí ń lo dísẹ̀lì, ohun èlò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ó ká kò bí ìkarahun ìgbín. Tọ́bò ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Bí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́ ọkọ̀ náà, tọ́bò a máa dún bí ẹni tí ń súfèé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń gbọ́ ìró yìí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fi orí ara rẹ̀ rò ó. Alfred Büchi ni orúkọ náà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1879 ni a bí i, ní ìlú Winterthur ní ilẹ̀ Siwísáláńdì. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ yìí, kò sì ní etí òkun rárá. Ọgbọ́n orí àti iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ gbójú lé. Ìlú oníṣẹ́ irin ni Winterthur nígbà náà. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Sulzer wà, tí ó lókìkí fún ṣíṣe ẹ̀rọ. Johann Büchi, bàbá Alfred, wà lára àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ní ilẹ̀ wa ti í mọ ìró òòlù kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí dàgbà sí àárín irin, iná àti èéfín.

Nígbà tí ó tó àkókò, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Zürich, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1903. Lẹ́yìn èyí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkókò yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel, ará Jámánì, ṣe ní ọdún 1897 ń tàn kálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ya gbogbo ayé lẹ́nu, nítorí pé epo tí ó ń jẹ kéré púpọ̀ sí èyí tí ẹ̀rọ onísítíìmù ń jẹ. Àwọn ènìyàn yìn ín, wọ́n sì rò pé kò sí ohun tí ó tún kù láti ṣe sí i.

Ṣùgbọ́n Büchi kò wo ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe nìkan. Ó wo ohun tí ó ń fi ṣòfò pẹ̀lú. Ó ṣe ìṣirò, ó sì rí i pé bí a bá pín ooru tí ń bẹ nínú epo sí ọ̀nà mẹ́ta, ìpín kan péré ni ó ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú ìpín méjì yòókù ń bá èéfín jáde lọ sínú afẹ́fẹ́. Ó dà bí ẹni pé ènìyàn ra epo ọ̀ọ́dúnrún náírà, tí ó sì da igba náírà rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí a ṣe lè mú èéfín náà kí ó ṣiṣẹ́ kí a tó fún un láyè láti lọ.

Láti mọ ohun tí ó rò, ẹ jẹ́ kí a yà sí ilé àgbẹ̀dẹ. Bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ rọ ọkọ́, kì í kàn kó èédú jọ kí ó sì dáná sí i. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní láti máa fi ẹwìrì fẹ́ iná náà. Afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì ń fẹ́ sí i ni í mú kí èédú jó kíkankíkan, títí irin yóò fi pupa yòò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì rí. Epo kò lè jó láìsí afẹ́fẹ́, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó bá sì wọ inú sìlíńdà ni yóò sọ ìwọ̀n epo tí ó lè jó níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò dà bí ẹni tí ń fi imú ara rẹ̀ mí. Ìwọ̀nba tí ó bá lè fà ni yóò rí. Büchi fẹ́ fún un ní ẹwìrì. Ohun ìyanu tí ó wà nínú èrò rẹ̀ ni pé èéfín ẹ́ńjìnnì náà ni yóò máa fẹ́ ẹwìrì ọ̀hún. Èéfín yóò jáde pẹ̀lú agbára, yóò yí abẹ̀bẹ̀ onírin kan; abẹ̀bẹ̀ yìí yóò yí èkejì tí ó wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú rẹ̀; èkejì yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ tútù wọ inú ẹ́ńjìnnì.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1905, ó gbé èrò yìí lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba Jámánì láti gba ìwé àṣẹ tí a máa ń fún ẹni tí ó bá hùmọ̀ ohun titun, kí ẹlòmíràn má baà jí i lò. Nọ́ńbà ìwé náà ni 204630. Ọmọ ọdún 26 ni Büchi nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn àlọ́ ni a ń sọ, à bá sọ pé láti ọjọ́ náà ni ó ti di olókìkí. Ṣùgbọ́n ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Ogún ọdún gbáko ni ó lò kí èrò náà tó di ohun tí ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́.

Kí ni ó fa ìdádúró yìí? Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ara tí yóò gbé e kò tíì le tó. Èéfín tí ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde gbóná ju ohun tí irin ìgbà náà lè fara dà pẹ́. Abẹ̀bẹ̀ tí èéfín ń yí gbọ́dọ̀ yí ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn bíárìn tí ó gbé ọ̀pá rẹ̀ dúró a sì máa jẹ. Yàtọ̀ sí èyí, nínú àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́, Büchi so ẹ́ńjìnnì, abẹ̀bẹ̀ èéfín àti ohun tí ń ti afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀pá kan ṣoṣo, èyí kò sì jẹ́ kí olúkúlùkù lè sáré bí ó ti yẹ. Ó padà sí Winterthur láti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Sulzer, ibẹ̀ ni a sì ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lórí èrò náà ní ọdún 1911. Ní ọdún 1915, a fi ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kan tí a so tọ́bò mọ́ hàn, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ dé ibi tí àwọn oníṣòwò lè gbọ́kàn lé e. Wọn kò rà á.

Ẹlòmíràn ìbá ti pa iṣẹ́ náà tì. Büchi kò pa á tì, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fi ipá mú un. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó ya tọ́bò sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pá ẹ́ńjìnnì, kí ó lè máa yí fúnra rẹ̀. Ó wá ìrànlọ́wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Brown Boveri ní ìlú Baden, nítorí àwọn wọ̀nyí mọ iṣẹ́ abẹ̀bẹ̀ onírin jù ú lọ. Ní ọdún 1925 ó gba ìwé àṣẹ mìíràn, èyí tí ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ètò titun yìí, a pín àwọn ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, kí èéfín sìlíńdà kan má baà dí èkejì lọ́wọ́. A tún jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹnu ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde tó pa dé. Afẹ́fẹ́ tútù a wá gba inú sìlíńdà kọjá bí omi tí a fi ń ṣan abọ́. A gbá èéfín tí ó kù jáde, a sì mú kí orí písítìnì àti àwọn fáàfù tutù. Ẹ ṣàkíyèsí ọgbọ́n yìí dáadáa: bí ọkùnrin yìí ti ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá ọ̀nà tí agbára náà kò fi ní jó o.

Èso iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní gbangba ní ọdún 1926. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ilẹ̀ ẹlòmíràn ti pààlà sí àárín Jámánì àti ẹkùn rẹ̀ kan tí a ń pè ní Prọ́ṣíà Ìlà-Oòrùn, wọ́n sì nílò ọkọ̀ ojú omi tí yóò máa kó èrò lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ méjì, Preussen àti Hansestadt Danzig, ni wọ́n kàn fún iṣẹ́ náà. Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 10 ni wọ́n fi sí wọn. Láìsí tọ́bò, agbára ẹṣin 1,750 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ́ńjìnnì náà ìbá ní. Nígbà tí a fi tọ́bò Büchi sí i, agbára rẹ̀ di 2,500. Ẹ́ńjìnnì náà kò tóbi sí i, sìlíńdà rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i. Èéfín tí ìbá ṣòfò ni ó fi 750 kún un.

Láti ìgbà náà ni ayé ti gbà á gbọ́. Büchi kúrò ní Sulzer, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú Brown Boveri àti ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ ojú irin ní Winterthur, kí àwọn tí ń ṣe ẹ́ńjìnnì káàkiri ayé lè gba àṣẹ láti lo ètò rẹ̀. Tọ́bò wọ inú ọkọ̀ òkun, ó wọ inú ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1938, ilé-iṣẹ́ Saurer ní ilẹ̀ Siwísáláńdì ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ní tọ́bò. Alfred Büchi kú ní Winterthur, ìlú tí a ti bí i, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí ohun tí ó ti fi ogún ọdún kọ́ tún di ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní ọdún 1962, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì tí ó ní tọ́bò jáde ní Amẹ́ríkà. Èkíní ni Oldsmobile Jetfire, èkejì ni Chevrolet Corvair. Kí a tó lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń pè ní ìfúnpọ̀. Bí písítìnì bá gòkè nínú sìlíńdà, a máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ tí ó kún ife 10 bá di èyí tí a fún mọ́ inú ife 1, ìfúnpọ̀ náà jẹ́ 10 sí 1. Tọ́bò ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kí ó tó wọlé. Bí písítìnì bá tún wá fún un jù, epo bẹntiróòlù yóò gbiná fúnra rẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó tó, a ó sì máa gbọ́ ìró kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ń fi òòlù lu ẹ́ńjìnnì náà láti inú. Ní tòótọ́, lílù ni ó ń lù ú.

Àwọn tí ó ṣe Jetfire fi ìfúnpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní 10.25 sí 1. Kí epo má baà gbiná láìtọ́jọ́, wọ́n fi àgbá kékeré kan sí i, tí awakọ̀ ní láti máa rọ omi tí a pò mọ́ ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù sí. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbàgbé, tàbí kí wọ́n máà náání rẹ̀; kò sì ju ọdún 1963 lọ tí a fi ṣíwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ náà. Àwọn tí ó ṣe Corvair fi ìfúnpọ̀ tiwọn sí 8 sí 1, wọ́n sì fi irin tí ó le ju ti tẹ́lẹ̀ ṣe kíráńkì rẹ̀. Agbára ẹṣin 150 ni wọ́n rí, ọkọ̀ náà sì pẹ́ lọ́jà ju ti èkíní lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ BMW ní Jámánì fẹ́ fi tọ́bò sí ọkọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ 2002 ní ọdún 1973, wọ́n sọ ìfúnpọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láti 9.5 di 6.9 kí wọ́n tó fi agbára rẹ̀ kún láti 130 dé 170. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rí i pé wọ́n kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kí wọ́n tó fò síwájú.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ìlú wa ń fẹ́ kí ọkọ̀ àwọn sáré ju bí ó ti ti ilé-iṣẹ́ wá lọ. Wọn a ra tọ́bò, wọn a sì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì tí a kò ṣe fún un. Ohun tí ó wà nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bojú wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, iná ń ṣẹ́ lórí písítìnì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ó sì ti ń ṣẹ́ ni ó ń ti písítìnì náà pẹ̀lú agbára tí a lè fi tọ́ọ̀nù díwọ̀n. Tọ́bò fi kún agbára yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́n yóò mú inú ẹ́ńjìnnì le kí ó tó dé e ní adé.

Písítìnì ni ó ṣíwájú. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, dídà ni a da písítìnì, bí àwọn tí ń ṣe ìkòkò ti í yọ́ alumíníọ̀mù dà sínú yẹ̀pẹ̀. Irin dídà a máa fọ́ bí ìyà bá jẹ ẹ́ jù. Èyí tí ó lè gba ìyà ni písítìnì tí a rọ, tí a fi agbára ńlá tẹ̀ títí ara rẹ̀ fi ki. Ṣùgbọ́n èyí a máa wú ju ti àkọ́kọ́ lọ bí ó bá gbóná, nítorí náà a ní láti fi àyè díẹ̀ sí i láàárín òun àti ara sìlíńdà; a sì ní láti fi àyè sí ẹnu ríǹgì rẹ̀, kí ẹnu méjèèjì má baà kanra nígbà tí ooru bá dé. Lẹ́yìn písítìnì ni kọ́nírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí ó so písítìnì mọ́ kíráńkì. Irin tí a rọ ni ó yẹ kí òun náà jẹ́, kí àwọn bóòtù rẹ̀ sì le. Nítorí bí ó bá ṣẹ́, a máa dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kíráńkì àti bíárìn ni ó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọ́ìlì tí ó pọ̀ tó láti máa ṣàn gba àárín wọn. Lókè ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì wà, tí ó pààlà láàárín iná àti omi; ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ dì pinpin. Bí gbogbo èyí bá sì pé, tí omi kò tu ẹ́ńjìnnì lára, tàbí tí epo kò tó afẹ́fẹ́ tí ń wọlé, asán ni gbogbo làálàá náà.

Bí èyí bá ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti lóye, kí ó bi àwọn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi léèrè. Ọkọ̀ tí a kàn fún àjẹ̀ kò mọ ìwárìrì ẹ́ńjìnnì. Bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì wúwo kọ́ ìdí rẹ̀ láìfi pákó tí ó nípọn kún un, ìṣó rẹ̀ yóò máa tú díẹ̀díẹ̀, omi yóò sì máa wọlé, títí yóò fi di àárín ọ̀sà, níbi tí ẹsẹ̀ kò tólẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó fọ́ lórí afárá, láàárín ọkọ̀ tí ń sáré níwájú àti lẹ́yìn, ewu tirẹ̀ kò kéré sí èyí. Kì í ṣe owó nìkan ni ó ń bá a lọ. Ẹ̀mí ń bẹ nínú ọkọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ìgbésí ayé Alfred Büchi kọ́ wa kò mọ sí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó kọ́ wa pé kí a máa wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń dà nù, nítorí agbára lè wà nínú rẹ̀. Ó kọ́ wa pé èrò rere lè ṣáájú àkókò rẹ̀, àti pé ẹni tí ó ní sùúrù ni yóò bá àkókò náà pàdé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó kọ́ wa pé igbá tí ó ti sán kì í gba omi gbígbóná. Ipò, owó àti ìmọ̀ jẹ́ agbára; wọ́n ń wọ inú ènìyàn bí afẹ́fẹ́ ti ń ti inú tọ́bò wọ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí kò bá tíì mú ìwà rẹ̀ le ṣáájú, ohun tí ó fi gbogbo ọkàn wá ni yóò fọ́ ọ.